"A KÌ Í GBỌJÀ PADÀ": TA LÓ SỌ BẸ́Ẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tó ti ń ta ẹja yìnyín n'Ibàdàn: títọ́ọ̀sì, kóté, ṣáwá, èyí tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà. Inú kúlà ló máa ń kó ẹja rẹ̀ sí, yóò sì ra yìnyín lé e lórí lójoojúmọ́. Èrè tó yẹ kó jẹ lórí ẹja, oníyìnyín a ti bá a jẹ ìdajì rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó lọ dá àjọ. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni kò fi yọ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ọmọ ṣàìsàn, kò yọ ọ́. Wọ́n ṣòkú nílé ọkọ, aṣọ ẹbí jáde, kò rà á. Àwọn ìyàwó ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, fírísà lòun fẹ́ rà.

Ọjọ́ tí alájọ kówó fún un, kò tiẹ̀ dé ilé kó tó gba ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fírísà lọ.

"Titun ni àbí tòkúnbọ̀?" Ìyá ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Titun ni, Màmá. Inú páálí ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán ni?"

Ó ń dán lóòótọ́. Ìyá sanwó, wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan, wọ́n gbé fírísà sínú mọ́tò. Inú Ìyá dùn débi pé ó fún ọmọṣẹ́ tó bá a gbé e ní owó mínírà.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni fírísà dákẹ́. Àárọ̀ Sátidé ni. Iná ò lọ o, gílóòbù ń tàn gbòò nínú ilé. Bí Ìyá ṣe ṣí fírísà, omi ẹ̀jẹ̀ ẹja ló rí. Páálí ẹja mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, eṣinṣin ti gbọ́ ìròyìn.

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú òógùn lójú. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ dìde.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí ohun tí a kọ síbẹ̀ yẹn?"

Pátákó kékeré kan ló wà lára ògiri, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá ò mọ̀wé. Ọmọṣẹ́ ló tú u fún un: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà; owó tí a bá ti gbà, a kì í dá a padà.

"Ó dára nígbà tí ẹ gbé e kúrò níbí," ọ̀gá ló tún sọ bẹ́ẹ̀. "Bóyá iná ilé yín ló bà á jẹ́."

Ìyá dé ilé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Àwọn ará ilé ní kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n ní kó kà á sí owó tó sọ nù. Wọ́n ní ohun tó bá ṣe ni kó má ṣe ẹ̀mí ẹni. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni gbogbo rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ìtùnú kì í san owó àjọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú fírísà dì.

KÌ Í ṢE ÌYÁ ẸLẸ́JA NÌKAN

Ta ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí? Télọ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kò lò ó pé oṣù kan tó fi ń fo ojú rán. Oníṣẹ́ iná ra wáyà, wọ́n ní kọ́pà ni látòkè délẹ̀. Ó bó o, ó rí i pé àlùmíníọ́mù funfun ni wọ́n fi kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ bò lójú. Mẹ́káníìkì ra páàtì ọkọ̀, ó so ó mọ́ ọkọ̀ oníbàárà, ọkọ̀ dákẹ́ lójú títì, oníbàárà wá ń pe mẹ́káníìkì ní olè. Ìyá ọmọ ra aṣọ, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi inú ike di aró, aṣọ di aláwọ̀ eérú.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá padà síbi tí wọ́n ti rà á, orin kan náà ni wọ́n ń kọ fún wọn: a kì í gbọjà padà. Orin náà ti wọ̀ wá létí débi pé a rò pé òfin ni. Òfin kọ́. Ẹni tó kọ pátákó yẹn kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe adájọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá oníṣẹ́ ọnà tó bá a kọ ọ́.

ÌGBÍN INÚ ÌGÒ

Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kó òfin wọn wá sí ilẹ̀ wa ní ọ̀rọ̀ Látìn kan tí àwọn lọ́yà ṣì máa ń pè títí dòní: caveat emptor. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí olùrà lajú rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá ra adìẹ tó ń ṣàìsàn, ojú rẹ ni kò ríran. Ó jọ òwe tiwa tó ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀, tí ọjà ń wá nínú páálí àti agolo, ojú nìkan ò tó mọ́. Ta ló lè fi ojú rí inú agolo? Ní ọdún 1893, wọ́n ṣe òfin ọjà títà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà ní ọjà gbọ́dọ̀ bá orúkọ tí a fi tà á mu. Bí olùrà bá sì sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tó gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ̀ ẹni tó ń tà á, ọjà náà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fi àpẹẹrẹ han olùrà, èyí tí wọ́n gbé fún un gbọ́dọ̀ rí bí àpẹẹrẹ náà. Òfin yìí dé Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn òyìnbó, Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa sì ṣe tirẹ̀ tó jọ ọ́.

Obìnrin kan ló wá mú ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò sí i. May Donoghue lorúkọ rẹ̀, ọmọ Scotland ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1928, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìtajà kan ní ìlú Paisley. Ọ̀rẹ́ yìí ló sanwó mínírà alátalẹ̀ fún un. Ìgò náà dúdú, inú rẹ̀ kò hàn síta. Ó mu díẹ̀, wọ́n tún da ìyókù síwájú rẹ̀, ó ní ìgbín tó ti jẹrà ló yọ́ bọ́ jáde láti inú ìgò. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, àìsàn gbé e.

Wàhálà wá ni pé kì í ṣe òun ló ra mínírà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe mínírà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, òun ò bá a ná ọjà, òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ náà gùn títí ó fi dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain nígbà náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1932, adájọ́ 3 nínú 5 dá a láre. Wọ́n ní bí ohun tó sọ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣe nǹkan jíjẹ tàbí mímu sínú ìgò tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò, ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn, ìbáà má mọ onítọ̀hún rí láyé.

Ẹ kíyè sí i o. Obìnrin yìí kì í ṣe olówó. Ó ní òun ò ní owó tí òun yóò fi ṣe ẹjọ́ ní irú kóòtù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó ṣe é gẹ́gẹ́ bí tálákà. Títí di òní, àwọn lọ́yà Nàìjíríà kò lè kẹ́kọ̀ọ́ jáde láì ka ẹjọ́ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1962 ni Ààrẹ John Kennedy kọ̀wé sí àwọn aṣòfin ibẹ̀ pé olùrà ní ẹ̀tọ́ mẹ́rin: kí ọjà má pa á lára, kí wọ́n sọ òótọ́ fún un nípa rẹ̀, kó lè yan èyí tó wù ú, kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ bó bá ké. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń ṣe ọjọ́ ẹ̀tọ́ olùrà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta lọ́dọọdún.

TI NÀÌJÍRÍÀ Ń KỌ́?

Àwọn kan rò pé òyìnbó nìkan ló ní irú òfin yìí. Rárá o. Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó òṣùwọ̀n ọjà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SON. Ní ọdún 1993 ni wọ́n ṣe òfin tó gbé NAFDAC kalẹ̀ fún oúnjẹ àti oògùn. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1992, wọ́n ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ aláàbò olùrà sílẹ̀.

Ká má rò pé eré ni àwọn iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2008, oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń pè ní My Pikin, èyí tí àwọn ìyá máa ń fún ọmọ tó bá ń yọ eyín. Wọ́n ti ṣèèṣì fi èròjà olóró sí i. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Àwọn ìyá tó rà á kò ṣe ohun tó burú. Owó wọn ni wọ́n san, ìlera ni wọ́n rò pé wọ́n rà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Nígbà mìíràn, ó ń di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Òfin tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí báyìí ni òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Òun ló gbé ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní FCCPC rọ́pò ìgbìmọ̀ ọdún 1992. Abuja ni olú ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Èkó àti láwọn ibòmíràn.

Kí ni òfin yìí sọ? Ẹ jẹ́ ká tú u sí Yorùbá ọjà.

Èkíní, ọjà tí èèyàn rà gbọ́dọ̀ dára, kó máa ṣiṣẹ́, kó má ní àléébù, kó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á bí ó ti yẹ kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Fírísà ọjọ́ mẹ́sàn-án kò sí nínú èyí.

Èkejì, bí ọjà bá jẹ́ tòkúnbọ̀, tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba pé bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú tòkúnbọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn kùn ún lọ́dà, kó sì pè é ní titun.

Ẹ̀kẹta, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kó tó sanwó. Ẹni tó ń sọ pé "má fọwọ́ kàn án bí o ò bá ní í rà á" kò mọ òfin.

Ẹ̀kẹrin, bí oníbàárà bá sọ fún ẹni tó ń tajà pé iṣẹ́ báyìí lòun fẹ́ fi ṣe, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é, ó lè dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kó gba gbogbo owó rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èyí kan àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gan-an. Kì í ṣe ọjà nìkan ni òfin ń wò, iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Télọ̀ tó gba aṣọ, tó ba aṣọ jẹ́, tàbí káfíńtà tó ṣe àga tó wó, oníbàárà lè ní kó tún un ṣe, tàbí kó dá iye tó yẹ padà nínú owó iṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà, kò sí ẹni tó lè fi pátákó tàbí ìwé gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà. Ìgbìmọ̀ FCCPC ti sọ ọ́ léraléra pé pátákó "a kì í dá owó padà" kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bí ọjà bá ní àléébù. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ olùrà lójú lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀.

ÌWÉ PÉLÉBÉ

Bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù wà ní àdúgbò Ìyá Ẹlẹ́ja. Òun ló kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè gidi.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹkún ti tó. Rìsíìtì wọn dà?"

Ìyá tú gèlè, ó tú àpò, ó tú abẹ́ ìrọ̀rí. Abẹ́ ìgò òróró ló ti rí i, ó ti ń fi í gba òróró dúró. Bàbá fi dígí sójú, ó kà á: orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n kọ irú fírísà tó jẹ́, ohun tí wọ́n kọ kò ju "fírísà 1".

"Bí wọ́n bá ti kọ 'titun' sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí," Bàbá ló wí bẹ́ẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí náà ń ṣiṣẹ́. Ó ju àìní lọ."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Òfin ní ẹni tó bá tajà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé ọjà tó tà. Orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tó tà á, irú ọjà, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ti pọ̀ tó, àti àròpọ̀ owó. Kì í ṣe ojú rere ló ṣe fún yín bó bá kọ rìsíìtì. Bó bá ní rìsíìtì ti tán, ẹ ní kó fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé, kó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá ń sá fún bírò, ẹ sá fún ọjà rẹ̀.

Bàbá tún ní kí Ìyá má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú fírísà náà. Oníṣẹ́ fírísà kan ládùúgbò wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ lásán, kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Ìpẹtà wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹni tó kùn ún kùn ibi tí ojú ń rí, kò rántí abẹ́. Ọmọ Ìyá fi fóònù ya fọ́tò ibẹ̀.

Ó di pé fírísà titun kì í ṣe titun.

OHUN TÍ ÌYÁ RÁNTÍ LÓRU

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá ò rí oorun sùn. Kì í ṣe fírísà ló ń rò. Ó ń rò ó pé ní ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà, lẹ́yìn tí ẹja ti yọ́, òun sáré fi yìnyín bò ó, òun sì tà lára rẹ̀. Obìnrin olóúnjẹ kan tó ń dáná fáwọn bíríkìlà ló ra kílò mẹ́rin. Ó padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú abọ́. Ẹja ti yọ́ nínú ìkòkò, ó ń rùn, ó ti ba ọbẹ̀ jẹ́. Ó ti da ọbẹ̀ náà nù. Àwọn bíríkìlà ti jẹun níbòmíràn.

Kí ni Ìyá Ẹlẹ́ja sọ fún un? Ó ní, "Ìyá, ẹja tí a bá ti gé, a kì í gbà á padà."

Obìnrin olóúnjẹ ò jà. Ó kàn gbé abọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Òwe Yorùbá ní bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ilẹ̀ mọ́, Ìyá ò kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù fírísà. Ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó dá owó kílò mẹ́rin padà, ó sì fi díẹ̀ lé e nítorí ata àti epo. Olóúnjẹ ní, "Ẹ dìde, Ìyá wa. Mo ti ní n kò ní í bá yín nájà mọ́ láyé."

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Àwa tí à ń ké pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, àwa náà ló ń tajà. Òfin tó ń gbèjà wa níwájú oní-fírísà, òun náà ló ń gbèjà oníbàárà wa níwájú wa. Kọ́ńgò tí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, olè ni. Ìrẹsì tí wọ́n da òkúta mọ́, olè ni. Tòmátì tó dára lókè tó jẹrà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, olè ni. Télọ̀ tó gba aṣọ ọdún, tó gbé e jáde lẹ́yìn ọdún, owó oníbàárà ló jẹ. Ẹni tó bá ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀ lójú oníbàárà, kò ní í rí ara rẹ̀ rà lọ́wọ̀n mọ́.

OLÙRÀ NÁÀ LÈ JẸ̀BI

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oníbàárà máa ń jàre. Ẹni tó ra bàtà pupa, tó délé, tí ọkọ ní dúdú lòun fẹ́, kò lè fi òfin yìí fa oníbàtà láṣọ. Bàtà ò ṣẹ̀. Bí ọlọ́jà bá gbà á padà, oore ló ṣe.

Ẹni tí wọ́n fi ihò ara aṣọ hàn, tí wọ́n sì torí ẹ̀ dín owó kù fún, kò lè padà wá lọ́la kó ní òun rí ihò. Òfin àtijọ́ pàápàá ní bí olùrà bá ti yẹ ọjà wò, àléébù tó yẹ kí ojú rẹ̀ rí nígbà náà, tirẹ̀ ni. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ kékeré, tó fi gbé ẹ̀rọ ìlọta, tó sì jó, ara rẹ̀ ni kó bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lo nǹkan fún ọdún kan gbáko kó tó rántí pé kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀.

BÍ A TI Ń ṢE É

Bó bá wá jẹ́ pé ọlọ́jà ló jẹ̀bi, ọ̀nà wo ni ká gbà? Ariwo kọ́, èpè kọ́, ọmọ ìta kọ́.

Ká tètè padà. Bí ọjọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹnu ọlọ́jà ń gbọ̀n sí i. Ká mú rìsíìtì dání, ká má jẹ́ kí oníṣẹ́ mìíràn tú u kí ẹni tó tà á tó rí i, nítorí ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé a ti tú u. Ká ya fọ́tò ibi tó ti bàjẹ́. Ká mú ẹnì kan lọ́wọ́ tó lè jẹ́rìí. Ká sì mọ ohun tí a ń fẹ́ kó tó di pé a lanu: ṣé kó tún un ṣe ni, ṣé kó pààrọ̀ rẹ̀, àbí kó dá owó padà?

Bó bá kọ̀, ká kọ ìwé sí i, ojú ewé kan tó, ká fi déètì sí i, ká sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ká kàn sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, tàbí ìyálọ́jà àti babalọ́jà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ọjà ló ń parí síbẹ̀ nítorí pé kò sí ọlọ́jà tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù òun pa.

Bí ẹgbẹ́ ò bá rí i ṣe, ó kan FCCPC. Èkó ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń jẹ́ LASCOPA. Bó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí oògùn, NAFDAC. Bó bá jẹ́ wáyà, irin, táyà tàbí irú wọn tí kò pé òṣùwọ̀n, SON. A kì í san owó fún ẹnikẹ́ni kó tó gba ẹ̀sùn ẹni.

Kóòtù ló kù. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù kóòtù nítorí lọ́yà àti ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kóòtù fún gbèsè kékeré, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Wọ́n gbé e kalẹ̀ kí ẹjọ́ má ṣe pẹ́, èèyàn sì lè dúró fúnra rẹ̀ láì gba lọ́yà. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kan náà ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀.

BÓ ṢE PARÍ

Ìyá Ẹlẹ́ja padà sí ṣọ́ọ̀bù, òun àti Bàbá akọ̀wé kóòtù, pẹ̀lú rìsíìtì olóròóró lọ́wọ́ àti fọ́tò nínú fóònù. Ọ̀gá tún nawọ́ sí pátákó.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, mo ti kà á. Ṣùgbọ́n titun lo pè é fún obìnrin yìí. Wo ìpẹtà lábẹ́ ọ̀dà. Ṣé kí á jọ gbé e lọ bá ẹgbẹ́ yín, àbí kí á kọ̀wé sí àwọn FCCPC?"

Ọ̀gá wo fọ́tò. Ó pe ọmọṣẹ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó jáde, ó ní òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, wọ́n ní titun ni fún òun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí Ìyá lọ máa wá ẹni yẹn kiri. Ẹni tó gba owó Ìyá ni Ìyá mọ̀. Kí òun náà lọ mú ẹni tó tà á fún un.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé fírísà mìíràn fún Ìyá, inú páálí, wọ́n sì ṣí i lójú rẹ̀. Wọ́n tan án fún wákàtí méjì kó tó kúrò níbẹ̀. Lórí rìsíìtì tuntun, Bàbá ní kí wọ́n kọ "titun" sí i, kí wọ́n sì kọ oṣù tí wọn yóò fi dúró fún un. Wọ́n kọ ọ́.

Ti páálí ẹja mẹ́ta ń kọ́? Kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Bàbá sọ fún un pé ó lè bèèrè fún un ní kóòtù, torí àléébù fírísà ló ba ẹja jẹ́. Ìyá rò ó títí. Ó ní owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà tí òun yóò pàdánù yóò ju ẹja lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti pè é lẹ́jọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà ni láti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yìí, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, kì í ṣe pátákó ló yàn án fún un.

Ó ti padà sẹ́nu ọjà. Olóúnjẹ ṣì ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá ra ẹja báyìí, Ìyá a ní, "Bó bá yọ́ nínú ìkòkò, gbé e padà wá, àní kó o ti gé e." Àwọn ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yóò fi gbèsè parí. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé láti ìgbà tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹja rẹ̀ kì í pẹ́ lórí àtẹ.

Ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀ sí, ìbáà ṣe olùrà ìbáà ṣe ọlọ́jà, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún un. Kó má ṣe gbàgbé rìsíìtì.